Àwa Aláwàdà Ìdíkọ̀ Ifọ̀, Kí Iṣẹ́ Wa Tó Lórúkọ

Àwa tí a jọ ka ìwé mẹ́fà nílé ṣì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irun orí wa ti ń funfun, ẹni tí tiẹ̀ kò bá funfun, kò nírun mọ́ ni. Bí a bá ti jókòó tán, ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ló kù. Ọ̀kan á ní nígbà tí òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù mú òun débi pé òun wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn. Èkejì á ní Kùmásì lòun wà ní tòun, òun sọ èdè wọn dójú àmì, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ òun lórúkọ. Èmi náà á húkọ́, màá ní, "Nígbà tí mo wà nílùú òkèèrè..." Kí n tó parí rẹ̀, ẹ̀rín á ti bú. Wọ́n mọ̀ pé Ifọ̀ ni mo fẹ́ dárúkọ.

Ẹ máa rín in. Bí ènìyàn bá ti dé ibi tí wọn kò ti mọ bàbá rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tí oúnjẹ wọn ń jà nínú rẹ̀, òkèèrè ló wà. Kò dìgbà tó bá kọjá òkun. Ọmọ Èkìtì ni mí, inú igbó àti orí òkè ni wọ́n bí mi sí. Ifọ̀ tí mo dé láàárín àwọn ọdún tí rélùwéè ṣì ni ọba ọ̀nà, Lọ́ńdọ̀nù tèmi nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe kò tó ohun tí ènìyàn ń fi yangàn. Oníṣòwò obì kan ní òun fẹ́ akọ̀wé, inú mi dùn, mo ra bíírò méjì. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni wọ́n gbé agolo ọ̀dà dúdú àti igi lé mi lọ́wọ́. Ara apẹ̀rẹ̀ obì ni mo ní láti máa kọ ìwé sí: Kánò, Kàdúná, Kánò, Kánò. Láàárín oṣù kan, mo lè fojú dídì kọ Kánò. Gbogbo ìwé mẹ́fà tí bàbá mi fi oko kòkó rán mi lọ kà, lẹ́tà mẹ́fà péré ni mò ń lò nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní tí mo dúró ní pèpéle ìdíkọ̀ rélùwéè, níbi tí a ti ń kó obì wọ ọkọ̀, ni mo kọ́kọ́ fi ara mi ṣẹ̀sín. Nílé wa, ẹni tó bá kọjá lára àgbà láìdọ̀bálẹ̀, ilé ni ìròyìn rẹ̀ á ti pàdé rẹ̀. Ọkọ̀ dé, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kan tó ní irùngbọ̀n ló kọ́kọ́ sọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo dìde, òmíràn sọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn mẹ́ta sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pa wọ́n pọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lápapọ̀. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni bí ogún, iyẹ̀pẹ̀ ti bo àyà mi, òógùn ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀, àwọn èrò sì ti dúró wò mí.

Ohùn kan bú jáde lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀: "Ará Òkè! Ará Òkè! Ṣé gbogbo rélùwéè lo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ni?"

Mo gbójú sókè láti ilẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ràímì télọ̀ nìyẹn.

"Àgbà ni wọ́n, sà," mo ní.

"Àgbà ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì mìíràn ń bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Dìde ńlẹ̀, kí o fi àyà díẹ̀ pamọ́ fún wọn!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ó lè gbé ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta láìdá iná sí i. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ará Òkè.

Oúnjẹ ni ìyà kejì. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sikírátù oníbúrẹ́dì ni mo gba yàrá sí. Obìnrin Mùsùlùmí ni, ó lọ́yàyà, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Ó gbé láfún fún mi lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, láfún. Lọ́jọ́ kẹta, mo fọgbọ́n bi í pé nígbà wo ni wọ́n máa ń gúnyán níbí. Ó ní, "Bí ọba bá kú." Mo rò pé àwàdà ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fojú kan iyán. Mo ń lá àlá odó. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń gún nǹkan ládùúgbò, màá na ọrùn, àgbo ni màá bá nínú odó.

Kò sí tẹlifóònù nílé wa nígbà náà. Ẹyọ kan tí mo mọ̀ ní Ifọ̀ wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ìdíkọ̀, mo sì máa ń wò ó láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo ẹran nínú ọbẹ̀ aládùúgbò. Bí wọ́n tilẹ̀ gbé e fún mi, ta ni yóò gbé e ní tọ̀hún? Lẹ́tà ni mò ń kọ. Tísà ìlú wa á gbà á, á pe ìyá mi, ìyá mi á pe agboolé, agboolé á pe àwọn tó ń kọjá lọ. Nítorí náà, ohun tí mo bá kọ sí ìyá mi, ìlú ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ ò wá lè retí kí n kọ ọ́ pé "Ìyá mi, ara apẹ̀rẹ̀ ni mò ń kùn lọ́dà." Mo kọ ọ́ pé, "Ìdí rélùwéè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìwé." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ náà ni mo wà.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ àwàdà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ifọ̀ báyìí, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé rédíò ló bí i. Àwọn ará Ìbógun ló bí i. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé aago. Bí ọkọ̀ yóò bá gbéra ní ọ̀sán, kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n á ti kúrò ní Ìbógun pẹ̀lú gaàrí, ewúrẹ́ àti ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n á dé ìdíkọ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ́n á jókòó. Ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán láìríṣẹ́ ṣe, ìjà ló kù tó lè ṣe. Ewúrẹ́ ẹni kan á jẹ ewé tí ẹlòmíràn fi bo apẹ̀rẹ̀, ó parí.

Ràímì tó ń ránṣọ lábẹ́ máńgòrò kò rí iṣẹ́ ṣe fún ariwo wọn. Lọ́jọ́ kan ló bá dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin kan láti Ọbáfẹ́mi gbé aṣọ wá fún òun, ó ní kí òun fi rán agbádá, kí òun fi èyí tó bá ṣẹ́kù rán fìlà. "Mo fi téèpù yí i ká," Ràímì ní. "Ìgbà tí mo yí i dé ìdajì, téèpù tán. Mo ní, 'Bàbá, ẹ máà bínú o, ikùn yín ti jẹ fìlà yín.'"

Àwọn ará Ìbógun rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé ìjà. Ìyá Sikírátù tó gbé búrẹ́dì lórí kò jẹ́ kó tutù. Ó dúró ní òdì kejì, ó ní, "Ràímì, ìwọ náà lo ń sọ̀rọ̀ aṣọ? Ìwọ tó rán ṣòkòtò fún ọkọ mi tí ẹsẹ̀ méjèèjì gba ihò kan! Ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń fò kiri iyàrá bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo rò pé ìfẹ́ mi ló ń pa á!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ràímì á jù ú, Ìyá Sikírátù á gbá a padà. Nígbà tó yá, àwọn kan tí kò níbi tí wọ́n ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìdíkọ̀ kí wọ́n kàn lè gbọ́.

Báwo ni èmi ṣe wá débẹ̀? Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo rò pé kí n máa fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Bí mo bá ti pe ilé ní "ulé", bí mo bá pe iṣu ní "usu", wọ́n ti kú fún ẹ̀rín. Mo wá sọ fún Ràímì pé èmi náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ọ̀nà náà kò jìn, torí mo kúrú. Ó gbé àpótí ọṣẹ kan wá, ó ní kí n gùn ún.

Wàhálà dé. Báwo ni ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe lè dúró ga ju orí àgbà lọ, kó máa sọ̀rọ̀ wá sílẹ̀ sí wọn? Mo gun àpótí. Mo ní, "Ìyá mi gbà pé ẹni tí kò bá jẹ iyán, kò tíì jẹun..." Bàbá arúgbó kan yọ ní ẹnu ọ̀nà. Mo fò sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún gun àpótí. "Bí o jẹ ẹ̀bà abọ́ mẹ́ta, ìyá mi á ní..." Òmíràn yọ. Mo fò sílẹ̀. Ìgbà tí mo gòkè ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo ti gbàgbé ohun tí ìyá mi ní. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ń yí nílẹ̀.

Ràímì ní kí n má ṣe yí i padà. "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò dùn," ó ní, "ṣùgbọ́n ìwà rere rẹ ń pani lẹ́rìn-ín púpọ̀." Ìyẹn ni ìyìn àkọ́kọ́ tí mo gbà nínú iṣẹ́ yìí. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé lọ́nà tèmi: "Ìyá mi, mo ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ èrò lójoojúmọ́, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, inú wọn sì ń dùn." Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìyá mi gbé ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò pé mo ti di katikíìsì.

Ẹ lè ní ṣebí aláwàdà lorúkọ wa. Aláwàdà wà ní gbogbo agboolé, àbúrò bàbá yín kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá dúró níwájú àwọn tí kò mọ̀ rí, tí kò lu ìlù, tí kò jó, tí kò tà, tí kò rà, tí ó kàn ń sọ̀rọ̀? Kò tíì lórúkọ. A rí i nígbà tí a gbé iṣẹ́ náà jáde ní Ifọ̀.

Ràímì fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Mówé, abúlé nínú igbó ni nígbà náà. Mo sọ̀rọ̀, mo làágùn. Wọ́n tẹ́tí, wọn ò mira. Nígbà tí mo parí, bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, oògùn náà ń kọ́? Ṣé ti inú rírun ni àbí ti jẹ̀díjẹ̀dí?"

"Bàbá, kò sí oògùn."

Ó wò mí tìbínú-tìbínú. "Kí lo wá ń polówó láti àárọ̀?"

Ìbàfò burú ju ìyẹn lọ. Mo sọ àwàdà kìíní, wọ́n dáhùn pé, "Àmín." Mo sọ èkejì, wọ́n ní, "Àmín o!" Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, obìnrin kan dá orin. Ìyá arúgbó kan gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ní ibà wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀. Mo wo Ràímì. Mùsùlùmí ni Ràímì, ó sì ti di ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe àṣàrò, ẹ̀rín ló ń gbé mì. Mo gbàdúrà fún ọmọ náà. Kí ni kí n ṣe? Wọ́n fi adìyẹ kan sìn wá dé ọ̀nà.

Lórí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń padà bọ̀, adìyẹ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ẹni kan bá dá dúró láwùjọ tó ń sọ̀rọ̀ sókè, àwọn ènìyàn wa mọ irú ẹni tó lè jẹ́. Ó lè jẹ́ olóògùn, ó lè jẹ́ oníwàásù. Mo bi Ràímì bóyá ẹ̀kẹta wà. Ó ń tẹ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta wà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí.

Ọkùnrin kan láti àdúgbò wa nílé, tó ń ta aṣọ òkè, wọ rélùwéè kọjá ní Ifọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó yọjú láti fèrèsé, ó rí mi lórí àpótí. Ẹ̀wù tí Ràímì rán fún mi ni mo wọ̀, èkísà aṣọ oníbàárà rẹ̀ méjìlá ló wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan dé kókósẹ̀, èkejì dúró lórúnkún. Ọkùnrin náà pè mí lórúkọ. Ó ṣe ni láàánú pé ewúrẹ́ Ìbógun ni mò ń sín jẹ lákòókò náà. Mo gbọ́ orúkọ mi, mo yíjú sí i, ẹnu mi ti ya, ohun tó jáde ni "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ọkọ̀ gbéra.

Ó dé ilé, ó wọlé tọ ìyá mi, ó kọ́kọ́ jókòó, ó sọkún. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń ṣe olórí ilé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ní kí tísà tún lẹ́tà mi kà. Tísà kà á: mo ń dúró níwájú èrò lójoojúmọ́, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, inú wọn ń dùn. "Ẹ gbọ́ ọ," ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní. "Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá kù, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n: ṣé ó ti wọ ọjà? Nílé wa, bí orí bá dà rú, a ṣì lè wò ó sàn; ṣùgbọ́n bí aláàrùn náà bá ti wọ ọjà, tó ti ná an já, ó ti bọ́. Ìdíkọ̀ rélùwéè kì í ṣe ọjà. Ìyá mi di ọ̀rọ̀ yìí mú gírígírí. Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde lọ́jọ́ kejì. Ewé àti egbò wà nínú àpò, okùn tuntun kan sì wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ti ewúrẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni orí mi ṣe mí lóore tó ga jù. Ìyálọ́jà Ifọ̀ ní kí àwa ará ìdíkọ̀ wá dá ọjà lára yá, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn ìsọ̀ tuntun. Ràímì ní èmi ni kí n dá a ṣe. Èmi, Ará Òkè! Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ ọjà pé, mo wọ ẹ̀wù èkísà, mo ru àpótí mi, mo dojú kọ àárín ọjà.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ já ìyá mi sílẹ̀. Ó bi ẹni àkọ́kọ́ tó rí bóyá ó mọ ọmọ Èkìtì kúkúrú kan tó máa ń dá sọ̀rọ̀.

"Ẹni wa nìyẹn!" ẹni náà dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ọjà ló wà láti àárọ̀. Ẹ bá èrò lọ, ẹ ó gbọ́ ariwo."

Ìyá mi ká ọwọ́ lérí.

Mo wà lórí àpótí, ọjà dúró ṣinṣin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Mo rí gèlè kan tó ń la èrò kọjá. Mo mọ gèlè náà. Mo fò sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọjà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ti mọ̀ mí mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi dúró lórí mi. Èdè ilé wa ló fi sọ̀rọ̀. Mo tún un sọ kí ẹ lè gbọ́.

"Kí lorúkọ bàbá rẹ?"

Mo dárúkọ rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọjà rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mélòó ni mo bí?"

"Márùn-ún, Ìyá. Ọ̀kan kú."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ará Òkè, ibo lo ti rí ìyá yìí? Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ!"

Ìyá mi yíjú sí gbogbo wọn. "Kí lẹ ń rín? Ẹ rí ọmọ ọlọ́mọ tí orí rẹ̀ dà rú, ẹ pa agbo yí i ká!" Ìyẹn gan-an ló wá pa wọ́n. Àwọn alátà ń fi ọwọ́ lu ara wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ó ń mí hẹlẹ, ó yọ okùn. Nígbà tí wọ́n rí okùn, ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Èmi tí mo dojú bo ilẹ̀, ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rín tó pọ̀ jù tí mo tíì rí gbà láyé mi, mi ò sì fẹ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ìyá mi kò pariwo mọ́. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní, "Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ."

Ẹ̀rín náà kú láti iwájú lọ sẹ́yìn. Wọ́n rí omijé rẹ̀. Ìyá Sikírátù sọ agbọ̀n búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ má sunkún. Orí rẹ̀ pé. Bí wọ́n ṣe ń ta búrẹ́dì lòun náà ń ta ẹ̀rín." Ràímì tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àbúrò mi ni, mọ̀mọ́. Èmi ni mo gbé àpótí fún un. Bí ẹ bá máa dè é, ẹ dè wá pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo okùn, ó wo ọrùn àwa méjèèjì. Ó ní kò ní í tó.

Ìyá mi ní kí n mú òun lọ sí yàrá mi. Yàrá náà kò jẹ́rìí rere. Mi ò tíì ká ẹní mi láti ọjọ́ Àìkú, ìkòkò kan wà níbẹ̀ tí mo ti gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò yíká, ó tún mú okùn. Ìyá mi ní kó máa lọ sílé. "Èmi máa jókòó wò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án," ó ní. "Bí mo bá rí i pé orí rẹ̀ kò pé, mi ò nílò okùn. Màá dì mọ́ ọn lọ́rùn títí a ó fi délé." Ó gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Èmi tí mo ń wá ọ̀nà láti lọ sílé láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí mo ń sunkún iyán, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mi ò fẹ́ lọ. Lójoojúmọ́ ni ìyá mi ń jókòó lórí pèpéle pẹ̀lú àwọn ará Ìbógun, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kò mira, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pa èrò lẹ́rìn-ín nígbà tí ẹni tó bí yín ń wò yín bí dókítà. Mo sọ ọ̀rọ̀ iyán, kò rín. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo sì sọ ti ìyá kan tó gbé okùn wọ rélùwéè wá mú ọmọ rẹ̀ nílùú òkèèrè. Èrò kú fún ẹ̀rín. Mo ṣẹ́jú wo ìyá mi. Ojú rẹ̀ le bí odó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gún iyán nínú odó kékeré kan tó rà lọ́wọ́ ará Òkè-Àró, kò gbójú sókè.

"O yára jù," ó ní.

"Níbo, Ìyá?"

"Níbi okùn. Ọmọ kan ń sunkún, o ò dúró kí wọ́n rẹ̀ ẹ́. Ìdajì wọn kò gbọ́."

Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní òun kì í pariwo tó bí mo ṣe ń pariwo nígbà tí mo bá ń ṣe òun. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ní kí n má tètè mẹ́nu kan ọjà, kí n jẹ́ kí wọ́n rò pé ilé ni ìyá náà yóò ti bá a. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé, ó fi okùn tuntun náà di ẹrù. Mo ní, "Ìyá, ṣé kí n di ẹrù tèmi náà?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti odó náà sí igun yàrá mi. "Bí o bá di ẹrù, ta ni yóò máa lo èyí?"

Mo sìn ín dé ìdíkọ̀, mo bá a gbé ẹrù wọ ọkọ̀, ó jókòó létí fèrèsé. Kò tíì tó àkókò tí ọkọ̀ á gbéra, àwọn ará Ìbógun ti kún pèpéle, Ràímì sì ti gbé àpótí sílẹ̀. Mo gùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá olókùn. Mo rọra sọ ọ́, mo dúró kí ọmọ tó ń sunkún dákẹ́. Ibi tí ìyá náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo dé, nígbà tí ọkùnrin kan tó jókòó ti ìyá mi na ọrùn sí fèrèsé. Ó wo ṣòkòtò èkísà mi, ó ṣe háà.

"Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ta ni wèrè yìí?"

Mo yíjú sí fèrèsé. Ìyá mi kò wò mí. Ó rọra tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Ẹ dákẹ́, kò tíì dé ibi tó dùn."